Igi Ìdáná Ìyá Onílé

Títí dòní, bí mo bá wọ ilé onílé tí mo sì gbọ́ tí ẹnìkan ṣá iṣáná sí sítóòfù, mi ò lè jókòó. Màá dìde. Màá ní mo fẹ́ wo ojú ọjọ́, tàbí kí n ní àga náà ń gún mi. Àwọn ọmọ mi á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Mọ́mì tún ti bẹ̀rẹ̀." Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní Òkòkómáìkò, ọ̀kan nínú wọn ṣì wà nínú mi, àwọn yòókù kò tíì sí rárá.

Ọdún wo gan-an ni láàárín ọdún 1980 sí 1989, ẹ má bi mí. Mo ṣáà mọ̀ pé àsìkò tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú ni. Bẹntiróòlù wà, ọkọ̀ ń rìn, kẹrosíìnì tí ẹni tí kò lọ́kọ̀ fi ń dáná ni kò sí. Bí ẹ bá gbọ́ pé ibì kan ní, ẹ ó sáré dé ibẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, ẹ ó sì bá ìdajì àdúgbò níbẹ̀.

Àwa kì í sáré lọ síbì kankan. Níwájú ilé wa gan-an ni wọ́n ti ń tà á. Ilé alájà kan ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, ilé ìdáná kan ṣoṣo lẹ́yìn tí gbogbo wa jọ ń lò. Bàbá Onílé jẹ́ ọmọ Ọ̀jọ́ pọ́ńbélé, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo mọ́ ayálégbé, tí ọ̀wọ̀ rẹ̀ sì wà lára gbogbo èèyàn títí dé Ìbà. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Onílé, ló ń ta kẹrosíìnì: dúróòmù kan, àrọ kan, ike ìwọ̀n kan. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, èmi ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Ìyànà Ìbà. Èkìtì ni wá. Ohun tó wu ọkọ mi jù láyé ni kí a jókòó jẹ́jẹ́ kí ọ̀rọ̀ má kàn wá.

Yàrá tó kọjú sí tiwa ni ti Àǹtí Télọ̀. Bí gbogbo ilé ṣe ń pè é nìyẹn. Opó ni, ó ní ọmọbìnrin méjì, ó sì háyà ṣọ́ọ̀bù kékeré níwájú ilé, ògiri kan náà ló wà láàárín òun àti dúróòmù kẹrosíìnì. Obìnrin yẹn kò lẹ́nu púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè pọ́nni. Ẹ gbé aṣọ tí kò tó lọ bá a pé kó fi rán bùbá, á wọ̀n ọ́n, á wò yín láti òkè délẹ̀, á ní, "Kò lè tó yín, mà. Ẹ ti sanra." Tààrà báyẹn! Àwọn oníbàárà á fa ìbínú yọ, wọ́n á gbé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ míì. Nígbà tó bá yá, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú bùbá tó há wọn lápá, pé kó bá wọn tú u. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, mo ti ilé ìwé dé, ẹsẹ̀ mi wú, mo rẹ ẹ́ sínú omi. Oyún oṣù keje. Mo gbọ́ "gbòà!" láti ẹ̀yìn ilé. Mo kọ́kọ́ rò pé táyà ló bẹ́ lójú títì. Àfi igbe. Háà, Olúwa mi! Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé ìdáná. Ìyàwó ni. Ìyàwó yàrá ẹ̀yìn, ọmọge tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, tí a kò tíì fún lórúkọ míì ju "Ìyàwó" lọ. Sítóòfù rẹ̀ ti bẹ́, iná ti mú apá rẹ̀ àti àyà rẹ̀, Àǹtí Télọ̀ sì ti dì mọ́ ọn pẹ̀lú aṣọ tútù tó fà yọ láti orí okùn, ó ń yí i nílẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ má da omi sí i! Iyanrìn! Ẹ da iyanrìn sí sítóòfù!"

Wọ́n gbé Ìyàwó lọ sí ọsibítù. Èmi ń rìn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà màá yí padà, bí mo bá dé ẹ̀yìn màá yí padà. Ọkọ mi ní kí n jókòó nítorí oyún inú mi, mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Ibi tí èèyàn mélòó kan ti ń kẹ́dùn náà la ti gbọ́ tí ìyá ọkọ Ìyàwó ń sọ pé àìmọ̀nà-dáná ni. Ó ní ọmọ náà ń bu epo sí sítóòfù tó ń jó lọ́wọ́ ni, pé òun ti kìlọ̀ fún ọmọ òun kó má fẹ́ ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Àwọn kan mi orí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí. Ẹ ẹ̀ rí i? Ara ẹlòmíì ti jóná, wọ́n ti rí ẹni tó jẹ̀bi kí bẹ́dì ọsibítù tó gbóná.

Àǹtí Télọ̀ dìde láàárín wọn. Eérú wà lára rẹ̀. Ó ní, "Kò bu epo sí iná. Bẹntiróòlù ló wà nínú kẹrosíìnì yẹn. Mo rí i láàárọ̀ nígbà tí ọkùnrin tó ń gbé e wá dà á sí dúróòmù. Kẹ́ẹ̀gì lódindi ló dà sí i, òórùn rẹ̀ bá mi lórí ẹ̀rọ. Mo sọ fún Ìyá Onílé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní díẹ̀ ni, pé ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é."

Ìyá Onílé wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Èmi? Èmi lo sọ̀rọ̀ yìí fún?" Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, àwọn obìnrin sì yí i ká láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ wò ó, ara mi bù máṣọ. Obìnrin kan wà ní ọsibítù tí ara rẹ̀ ti bó, ẹni tó ta epo fún un la wá ń rẹ̀ lẹ́kún!

Àǹtí Télọ̀ kò bá wọn jà. Ó lọ wẹ̀, ó wọ aṣọ mímọ́, ó sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sọ ohun tó rí. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn á wá ní Mọ́ńdè.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó le. Bàbá Onílé kò bínú síta. Ó pè é sí pálọ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, àwa tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kó padà lọ bá àwọn ọlọ́pàá kó sọ pé ojú òun ló ṣì òun. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, kó máa gbé ilé rẹ̀ lọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀, yàrá àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mọ ohun tí ṣọ́ọ̀bù jẹ́ fún télọ̀? Ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà mọ̀ ọ́n sí. Ibẹ̀ ló ti ń rí oúnjẹ àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Bó bá kó kúrò níbẹ̀, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ojú mi kò ṣì mí."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá, ẹ mọ bí ẹ̀bẹ̀ wa ṣe ń rí. Ẹni tó ṣẹ̀ kì í wá fúnra rẹ̀, àwọn ẹlòmíì ló máa ń rán. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wá. Àgbà mọ́sálásí wá. Àwọn ìyá láti Àjàngbádì wá, tí wọn kò mọ Ìyàwó, tí wọn kò mọ dúróòmù, wọ́n ṣáà gbọ́ pé obìnrin kan wà tí kò gba ẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin tó tó bàbá rẹ̀ bí á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ á dúró, òun náà á wólẹ̀ lórí orúnkún, á ní, "Ẹ dìde, sà, ẹ má fi èpè sí mi lọ́rùn." Wọn kò ní dìde. Wọ́n fẹ́ kó gbà kí wọ́n tó dìde. Ṣé ẹ rí i pé ìjà ni ẹ̀bẹ̀ yẹn? Ẹni tí àgbà dọ̀bálẹ̀ fún tí kò gbà, òun ló wá di ọ̀dájú, kẹrosíìnì ti kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ọkọ mi náà múra láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ń wọ fìlà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì, ẹ ń lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe kí ni?"

"Kí àlàáfíà lè wà. Ìwọ náà wo ara rẹ, o fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ. Bí wọ́n bá lé e lónìí, wọ́n lè lé wa lọ́la. Ibo la fẹ́ kó sí?"

"Epo wo lẹ fẹ́ kí n fi gbóná omi ìwẹ̀ ọmọ náà?"

Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sórí bẹ́dì. Kò lọ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Èmi náà ò bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé dà bí ìkòkò tí wọ́n dá iná sí lábẹ́. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sí balùwẹ̀ kì í wo ojú ẹnì kejì.

Wọ́n fi ìparí ọ̀rọ̀ sí Sátidé. Bàbá Onílé ní òun á ṣe sàárà kékeré, ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́, kí gbogbo ilé jókòó jẹun pọ̀, kí àwọn àgbà pa ọ̀rọ̀ náà tì, kí Àǹtí Télọ̀ jẹun lọ́wọ́ Ìyá Onílé. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ti jẹun ẹni tí ẹ ń bá jà lójú àwọn àgbà, ìjà ti tán nìyẹn. Ẹ ò tún lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Mọ́ńdè. Wọ́n gbọ́n. Mo sọ fún Àǹtí Télọ̀ pé kó má yọjú. Ó ní, "Àǹtí Tíṣà, bí mi ò bá yọjú, wọ́n á ní irọ́ ni mo pa tí ojú fi ń tì mí."

Ní Sátidé, wọ́n to àga àti bẹ́ǹṣì síta níwájú ilé. Àwọn àgbà ti jókòó, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti pòwe títí ó ti sú mi. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí Télọ̀, mò ń dìde, mò ń jókòó. Ọkọ mi ń fà mí láṣọ. Òórùn ọbẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, èéfín sì ń bá a bọ̀, èéfín gidi, tó ń ta ojú. Alàgbà kan ń húkọ́, ó ń fi agbádá fẹ́ ojú.

Àǹtí Télọ̀ gbé imú sókè. Ó wo ọ̀nà ẹ̀yìn, ó tún wo dúróòmù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ní ìbéèrè kan. Ìyá, kí ni ẹ fi ń dáná?"

Ìyá Onílé ti ẹ̀yìn jáde, ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Igi ni. Oúnjẹ pọ̀, sítóòfù kò lè gbé ìkòkò náà."

"Òótọ́ ni, mà. Omi tíì Bàbá láàárọ̀ ńkọ́? Mo rí yín, ààrò lẹ gbé kẹ́tù lé. Láti ọjọ́ tí Ìyàwó ti jóná, ẹ ò tíì tan sítóòfù. Dúróòmù sì nìyí, lánàá ẹ ṣì ta nínú rẹ̀." Kò pariwo rárá. "Ẹ wo sítóòfù mi ní ṣọ́ọ̀bù, mà, òfìfo ni. Ẹ rọ díẹ̀ sí i nínú dúróòmù yín, ẹ ṣá iṣáná sí i. Bó bá jó dáadáa, màá jẹ ìrẹsì yín, màá sì lọ bá àwọn ọlọ́pàá ní Mọ́ńdè pé irọ́ ni mo pa."

Bàbá Onílé wo ìyàwó rẹ̀. Gbogbo wa ló ń wò ó. Ohun tí Àǹtí Télọ̀ ní kó ṣe kò ju kó tan sítóòfù lọ, ohun tí gbogbo obìnrin ilé yẹn ń ṣe lójoojúmọ́. Ìyá Onílé wo iṣáná, ó wo dúróòmù. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìrẹsì mi ń jóná," ó sì padà sẹ́yìn ilé.

Ó tán. Ṣé ẹ rò pé wọ́n dìde, wọ́n sì ṣàpẹ́ fún un? Wọ́n bu ìrẹsì. Ẹ má purọ́ fún mi nípa èèyàn! Àwọn àgbà yẹn jẹ ẹran ewúrẹ́ náà, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n gbàdúrà ìdágbére. Mo ti abọ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́, inú ń bí mi débi tí ọmọ inú mi fi ń ta. Ọkọ mi wò mí, ó wo abọ́ rẹ̀, ó wá gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n mo rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tan sítóòfù nílé wa. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé òótọ́ ni Àǹtí Télọ̀ sọ. Wọ́n kàn ń ra igi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń to òkúta ààrò sẹ́yìn ilé, èéfín bo gbogbo ibẹ̀.

Ní Mọ́ńdè àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n gbé dúróòmù lọ. Ohun tí wọ́n fi ṣe, mi ò mọ̀, wọn ò bá wa sọ ọ́. Ìyá ọkọ Ìyàwó dákẹ́ ọ̀rọ̀ àìmọ̀nà-dáná. Ìyàwó padà wálé nígbà tó yá, àpá lára, orí ló kó o yọ. Àǹtí Télọ̀ ló rán bùbá alápá gígùn fún un, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní ha á lára.

Ṣùgbọ́n wọ́n lé Àǹtí Télọ̀. Kí oṣù tó parí, Bàbá Onílé ti fún un ní nótíìsì, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn náà. Ọmọláńke ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí Àjàngbádì, àwọn ọmọ rẹ̀ di àga mú kó má baà já bọ́. Mo bá a rìn dé ìta gbangba. Mò ń sunkún, mò ń bú gbogbo ilé. Ó ní kí n padà, kí n má bímọ sójú títì.

Ọdún ń lọ. A kọ́ ilé kékeré tiwa sí ọ̀nà Ìbà, àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i, ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, kẹrosíìnì ṣì ń wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣáà wá ń tàn láàárín àwọn obìnrin: kí o tó lo kẹrosíìnì tuntun, gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀ kan ní Àjàngbádì. Kò gba nǹkan kan. Á da ẹ̀kán kan sórí iyanrìn níta, á takété, á ju iṣáná tó ń jó sí i. Bí iná náà bá gbà wàì, bẹntiróòlù wà níbẹ̀. Bí iṣáná bá kú, á ní kí o máa lọ dáná. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, wọn ò mọ̀ pé mo mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Orí mi wú.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ gba aṣọ àwọn ọmọ, mo bá obìnrin àgbàlagbà kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wé gèlè wá sílẹ̀ dé ojú, ó gbé kẹ́ẹ̀gì dání. Ìyá Onílé ni. Gbogbo ìbínú ọjọ́ ìrẹsì yẹn tún jí nínú mi. Mò ń retí kí Àǹtí Télọ̀ lé e bí wọ́n ṣe lé òun náà. Mo fẹ́ ẹ! Mo fẹ́ gbọ́ ọ létí mi.

Àǹtí Télọ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ káàsán, mà. Bàbá ńkọ́?" Ó gba kẹ́ẹ̀gì, ó da ẹ̀kán kan sórí iyanrìn, ó takété, ó ju iṣáná. Iṣáná kú.

"Ó dára, mà. Ẹ máa fi dáná."

Ìyá Onílé kò tíì gba kẹ́ẹ̀gì. Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bí kò bá dára, màá sọ fún yín."

"Mo mọ̀," Ìyá Onílé wí. Kò wo ojú mi, kò wo ojú rẹ̀. "Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."